Iyọ̀ Abẹ́ Àálè

Kí Zacharie tó ní oníbàárà kan ṣoṣo ló ti ní olè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó ba ọjà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọjà tuntun a máa ronú nípa ẹni tó máa wá rà á. Ti Zacharie kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa jí i ló kọ́kọ́ rò, òun náà ló sì rò dópin.

Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló bí i. Ìyá kan náà ló bí èmi àti Àbẹ̀ní, agbo ilé kan náà la sì ń gbé ní Pobè lẹ́yìn tí ọkọ olúkúlùkù wa ti kú. Nínú gbogbo ọmọ tí Àbẹ̀ní bí, Zacharie nìkan ló kù. Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Niamey ní ilẹ̀ Nìjẹ̀, ó ń tajà níbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni àwọn ará Nìjẹ̀ ní kí gbogbo ará Dahomey bíi tiwa máa lọ sílé baba wọn, wọ́n sì kó wọn sọ́kọ̀ bí ẹni kó iṣu. Bí Zacharie ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Pobè nìyẹn, pẹ̀lú àpótí kan àti ojú tí kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní tàǹtí. Kó tó lọ, ìyá ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

A rò pé lílé tí wọ́n lé e ló ń dùn ún. Kì í ṣe òun. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Niamey, ó sì fi Firmin, ọmọ àbúrò baba rẹ̀, síbẹ̀. Firmin ń bu ìrẹsì, ó ń gé aṣọ, ó ń gbé ọṣẹ lọ fún àwọn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ó ní òun máa san án. Kí wọ́n tó lé wọn kúrò nílùú, ṣọ́ọ̀bù náà ti kú.

"Nìjẹ̀ kọ́ ló pa ọjà mi, tàǹtí," ó wí fún mi. "Ẹbí ni. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹbí ni Firmin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti òun jọ ń rìn lọ sí ọ̀nà Issaba, a rí ọsàn tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ní òkìtì òkìtì. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nídìí òkìtì kọ̀ọ̀kan láti fi iye rẹ̀ hàn, igbá owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Zacharie dúró.

"Tàǹtí, ta ló ń ṣọ́ ọsàn yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ."

"Ta ló wá ń gbowó?"

"Igbá ni. Ṣé Niamey ti mú ọ gbàgbé ilé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti dé nìyẹn, ẹ̀rín náà kò sì dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹni tó rí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì ló ṣe rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun ti ń wá nìyí, ọjà tí kò ní ọmọ ìtajà, tí kò ní ẹbí, tí kò ní ẹnikẹ́ni tó máa jókòó tì í kó máa jẹ ẹ́. Òun máa ṣe àtẹ sí ẹnu gbogbo ọ̀nà oko, ti Towé, ti Issaba, títí lọ sí ọ̀nà Sakété. Òun máa kó iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ, ìṣáná àti epo àtùpà sí i. Owó á máa wọlé bí òun tilẹ̀ ń sùn.

Èmi ti ń ta ẹ̀kọ nídìí ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó bí Zacharie. Mo sọ èyí tí mo mọ̀ fún un. Mo ní, "Ìyàwó Ládiípọ̀ ló ni ọsàn yẹn. Gbogbo ẹni tó ń kọjá níbí ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ gbogbo wọn. Ìwọ ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́?"

"Wọn ò nílò kí wọ́n mọ̀ mí. Iyọ̀ ni wọ́n ń rà. Òwò ni, tàǹtí, kòmáàsì ni."

"Bí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ bá fẹ́ mú ọsàn, ó máa já ewé lé ojú ibi tó ti mú un, á wá sọ fún ẹni tó ni ín tó bá délé. Ṣé ìwọ lè gba ewé?"

"Mi ò ta àwìn," ló wí. "Láéláé."

Ó ṣe àtẹ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọjà náà kọ́kọ́ tà. Ó ń kó ẹrù láti Sakété pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, ó ń di iyọ̀ sínú ewé, ó ń rìn káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ láti kó owó inú igbá. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, torí wọn kò ní láti rìn dé ọjà Pobè nítorí ìṣáná. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ti padà wálé wá di ènìyàn.

Ládiípọ̀, ọkọ obìnrin ọlọ́sàn náà, ni ó kọ́kọ́ já ewé lé e. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọṣẹ tán nílé, kò sì sí owó lára rẹ̀ bó ti ń ti oko bọ̀. Ó mú ọṣẹ kan, ó já ewé sí ipò rẹ̀, ó lọ sílé lọ mú owó. Zacharie ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí Ládiípọ̀ fi máa dé àgbàlá wa pẹ̀lú owó lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé olè ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó mú ohun tí kò san owó rẹ̀, kí là ń pè é?" Zacharie ń pariwo. "Ẹ bá mi sọ orúkọ rẹ̀!"

Ládiípọ̀ tẹ̀ ba. Ó fi owó náà sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì kí ẹ̀gbọ́n mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nǹkan ọmọ yín ò ní tún wọ ilé mi mọ́." Ó lọ. Àbẹ̀ní sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ojú tì mí débi pé mo wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zacharie wọ ọkọ̀ lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ Fágbèmí. Ọ̀rẹ́ baba rẹ̀ ni Fágbèmí, àgbàlagbà tó ní igi obì àti ọsàn púpọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án nítorí àálè tó máa ń so mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, Fágbèmí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ nísinsìnyí, kí ẹ lè mọ ohun tí àwa inú ilé kò mọ̀.

Bàbá náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀: ṣùkù àgbàdo, àlòkù bàtà, òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i. Zacharie sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mú ohun tó wà lábẹ́ àálè yìí láìsan owó rẹ̀, kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́ bá a láyọ̀, kó sùn kó má lè dìde.

"Ó kù díẹ̀," Fágbèmí wí. "O ò tíì yọ ará ilé rẹ sílẹ̀. Sọ pé, àfi ẹni tó bí mi, àfi ẹni tí mo bí, àfi ẹni tí à ń jọ jẹun. A kì í fi àálè lé nǹkan kí a má yọ wọ́n. Ọmọ ilé kì í jalè nínú ilé."

"Baba, nítorí ará ilé gan-an ni mo ṣe ń ṣe é."

"Zacharie, àálè ò lójú. Kò mọ Firmin yàtọ̀ sí ẹlòmíràn."

"Ó tó bẹ́ẹ̀, baba. Ẹnikẹ́ni ni ẹnikẹ́ni."

Bàbá náà ní òun fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ sí i ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni Zacharie gbé àwọn àálè náà bọ̀ wálé nínú àpò, ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn àtẹ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà oko ti yí padà. Ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń kọrin gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bí ẹni tó ń kọjá lójú oórì. Wọ́n á fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á fa ọmọ mọ́ra. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ pàápàá kò rà mọ́. Tí ẹni tó sanwó bá ṣì í kà ńkọ́? Tí afẹ́fẹ́ bá gbé òkúta kan kúrò, tí ìwọ san iye tó kù síbẹ̀, tí kò pé ńkọ́? Ta ni ìwọ máa ṣàlàyé fún, ṣùkù àgbàdo? Wọ́n tún ń rìn dé ọjà Pobè nítorí ìṣáná. Iyọ̀ Zacharie wà lábẹ́ àkísà pupa, ó ń gba ìrì, afẹ́fẹ́ sì ń mi ìkarahun ìgbín mọ́ igi àtẹ, kó, kó, kó. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń ta ẹ̀kọ, inú mi kì í sì í dùn.

Mo ní, "Tú àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. O ń lé oníbàárà."

Ó ní, "Olè ni mò ń lé."

Ọ̀kan nínú àwọn àtẹ náà wà ní ẹnu ọ̀nà Towé, kò jìnnà sí ilé wa rárá. Ìrọ̀lẹ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ti odò bọ̀, ó rántí pé iyọ̀ ti tán nílé. Ó yà sí ìdí àtẹ náà bí ẹni yà sí ilé ìdáná ara rẹ̀, ó mú iyọ̀ kan. Àkísà pupa náà kàn án lórí. Ó fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ti àwọn olè nìyí," ó wí. "Òwò ọmọ mi ò ní parun nítorí iyọ̀ tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún un."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ló máa rò ó? Kò sí ibi tí àálè ti ń mú ìyá olóhun. Ó se ọbẹ̀ ilá lálẹ́ ọjọ́ náà, Zacharie sì jẹ ẹ́ títí ó fi lá àwo. Ó ní, "Ìyá, ọbẹ̀ yìí dùn." Láti ìgbà náà, bí iyọ̀ bá tán, ẹ̀gbọ́n mi mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí Zacharie wá rí i pé iyọ̀ ń dín tí igbá kò sì ní owó, kò bínú bí mo ti rò. Ó fara balẹ̀. Ó ní kí á má ṣe ìyọnu, ẹni tó ń mú un máa tó fara hàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà tó sọ ọ́, torí ohùn rẹ̀ tutù, àmọ́ n kò rántí iyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi; ohun tí ìyá mú kì í ṣe olè. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jí, ìdí ẹ̀kọ mi ló ń bọ̀ láti bi àwọn ará oko léèrè: ta ni ara rẹ̀ kò yá ní Towé? Ta ló dùbúlẹ̀ ní Issaba? Ó ń retí àìsàn bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ènìyàn á dá a lóhùn pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà, wọ́n á sì yára san owó ẹ̀kọ wọn, wọ́n á lọ.

Àìsàn náà dé lóòótọ́. Inú yàrá ìyá rẹ̀ ló dé sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibà. Àbẹ̀ní ní ẹsẹ̀ òun wúwo, ó lọ dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán, nǹkan tí n kò rí i kó ṣe rí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ibà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ yá. Lẹ́yìn náà kò lè jókòó mọ́. Claudine aládùúgbò wa, ará ìjọ aláṣọ funfun, wá tan àbẹ́là sí ìgbèrí rẹ̀, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Zacharie ra oògùn, ó ra mílíìkì, ó ń fi aṣọ tútù nu ìyá rẹ̀ lójú. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n pa irọ́ mọ́ ọn nítorí ìbínú. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó ṣì ń bi àwọn àlejò tó wá kí ìyá rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n gbọ́ pé ara ẹnìkan kò yá ní ọ̀nà Towé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Sakété, Fágbèmí sì wọ ọkọ̀ wá. Ọ̀sán ni ó dé. Yàrá kún, àwọn ẹbí Ọdẹ́wálé, baba Zacharie, ti wà níbẹ̀, àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń jókòó ti aláìsàn. Fágbèmí kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo Zacharie.

"Ǹjẹ́ ìyá rẹ ti mú nǹkan rí nínú ọjà rẹ?"

"Rárá, baba," Zacharie wí. "Kí ló máa mú un ṣe é? Gbogbo ohun tó bá fẹ́ ni mò ń…"

"Mo mú iyọ̀."

Àbẹ̀ní ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní. Gbogbo wa yíjú sí i. "Mo ń mú iyọ̀ ní ẹnu ọ̀nà Towé," ó wí. "Mo fi ń se ọbẹ̀ rẹ. Ṣé mi ò sọ fún ọ ni?"

Mi ò tíì rí ojú ènìyàn kó dà bíi ti Zacharie lọ́jọ́ náà. Nígbà náà ni Fágbèmí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sakété fún gbogbo wa, àti bí Zacharie kò ṣe yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo dìde kí n gbá Zacharie létí, àwọn àgbà fà mí jókòó.

"Ó ṣì lójùútùú," Fágbèmí wí. "Láìsan owó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó sọ. Kí ìyá san owó iyọ̀. Kí Zacharie fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní òun ti gbà á. Ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà kó lọ tú gbogbo wọn."

Àbẹ̀ní kò bínú, kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó ní kí n tú etí ìró òun. Mo tú u, mo kó owó tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ náà sí ọmọ rẹ̀.

"Gba owó iyọ̀ rẹ, Zacharie."

Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo àwọn àgbà ilé baba rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí ká ògiri, tí gbogbo wọn ń wo òun. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé, ó mi orí. Mo mọ ohun tí Zacharie ń rò, torí ohun tí gbogbo wa ń rò ni: ọmọ tó gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó bí i, níṣojú ẹbí, ibo ló máa gbé orí rẹ̀ sí ní Pobè? Ta ló máa fún un ní ìyàwó?

"Gbà á!" mo kígbe.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹní náà. Ó ń sunkún. "Ìyá mi, ẹ má dójú tì mí níṣojú wọn," ó wí. "Ẹ fi owó yín pamọ́. Tí ara yín bá yá, ẹ ó san án."

Àbẹ̀ní wò ó. Ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó o ní o kì í ta àwìn," ó wí.

"Tiyín yàtọ̀, ìyá."

Àbẹ̀ní rọra pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé mọ́ owó náà, ó sì fà á padà sábẹ́ aṣọ. Fágbèmí gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ náà ṣì di owó mú, ó le, mo ní láti máa ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé owó náà lọ fún Zacharie níta. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni títí di òní, mo ṣì ń fi í pamọ́. Àwọn àtẹ náà wà lójú ọ̀nà títí òjò fi yọ́ iyọ̀ inú wọn, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n, àní òun alára. Zacharie kò ta àwìn fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, àfi ìyá rẹ̀.